Orúkọ Abena Nínú Ìwé Ìsìnkú

Bàbá Ọládipọ̀ kò tíì kú nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé ìsìnkú rẹ̀. Kò dáa, àmọ́ ní Kumasi, bí èèyàn bá kú tán kí ẹ tó máa wá ẹni tó máa tẹ̀wé, ìlú á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Bàbá lápá ọ̀tún, ó sì ti mú un lẹ́nu, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Dókítà ní kò lè ju oṣù kan lọ. Dinah, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ti gbé e lọ sílé ara rẹ̀ ní Accra, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un ní pálọ̀.

Theophilus, ọmọ ìjọ wọn, ló ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Asafo. Òun àti Dinah jọ ń ṣiṣẹ́ ni: òun á kọ ìwé ní Kumasi, Dinah á tẹ̀ ẹ́ jáde ní Accra. Ọdún 1997 nìyẹn. Wàhálà kí wọ́n máa fi ọkọ̀ fi ìwé ránṣẹ́ sú Theophilus, ló bá fi ètò kan sínú kọ̀ǹpútà méjèèjì. Bí ẹ bá ti yí ọ̀rọ̀ kan padà níhìn-ín, ẹ̀rọ náà á fúnra rẹ̀ pe èkejì lórí tẹlifóònù, á ké bí ọ̀pọ̀lọ́, á fi àtúnṣe náà ránṣẹ́, á sì gba èyí tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún wá. Gbogbo ẹ̀dà àtijọ́ ló ń tọ́jú, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìlú tí àtúnṣe ti wá. Ti Accra wà ní pálọ̀ Dinah, torí ibẹ̀ nìkan ni wáyà tẹlifóònù dé.

Adéyínká, àkọ́bí, díákónì tí ẹ̀rín kì í bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lófò, ló ń sọ ohun tí Theophilus máa kọ.

"Bàbá wa fi ogójì ọdún tẹ wáyà tẹligíráàmù ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Olóhùn iyọ̀ ni nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó fi ọmọ méjì sílẹ̀: Adéyínká àti Dinah."

"Mẹ́ta ni," ẹnì kan sọ lẹ́nu ọ̀nà.

Abena ni. Suame Magazine ló ti ń bọ̀, níbi tó ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, epo dúdú ṣì wà léèékánná rẹ̀. Ọmọ Asante ni ìyá rẹ̀, Bàbá kò sì mú un wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí.

"Ẹ̀gbọ́n Yínká, adɛn, kí ló dé? Ṣé orí igi ni mo ti já bọ́ ni?"

"Ìwọ lo mọ ibi tí o ti já bọ́."

"N kò béèrè ilé, n kò béèrè ilẹ̀. Ẹ ṣáà kọ orúkọ mi síbẹ̀. Bí wọ́n bá kà á lójú gbogbo èèyàn tí wọn ò pè mí, a jẹ́ pé n kò ní bàbá nìyẹn." Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Adéyínká ní kí Theophilus máa bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ ti di mẹ́ta nínú ìwé: adéyínká, abena, dinah. Lẹ́tà kékeré ni gbogbo rẹ̀. Ogójì ọdún náà ti di mẹ́tàdínlógójì.

"Accra ló ti wá," Theophilus wí.

"Dinah! Ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n! Ẹ wò ó, ọ̀lẹ kò jẹ́ kó tẹ lẹ́tà ńlá. Yọ ọ́, jàre."

Theophilus yọ ọ́. Ẹ̀rọ ké. Kó tó di ọ̀sán, Abena ti padà. Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n yọ ọ́ lọ́sẹ̀ náà, ìgbà mẹ́fà ló padà. Ní ìgbà kẹrin, wọ́n ti pa "olóhùn iyọ̀" rẹ́, wọ́n kọ "kò mọ orin í kọ, ó kàn ń pariwo ni" sípò rẹ̀. Theophilus rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Adéyínká kò pe Dinah, torí àkọ́bí kì í bẹ àbíkẹ́yìn.

Ní Sátidé, Dinah fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù náà, pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́ àti ìbínú lójú. Abena ti jókòó síbẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ gan-an? Ẹ kọ Abena, ẹ pa á rẹ́, ẹ tún kọ ọ́. Ojú ń tì mí fún yín."

"Èmi kẹ̀? Ṣebí ìwọ lò ń kọ ọ́!"

"Ẹ gbà mí o! N kò fọwọ́ kan ìwé yẹn rí."

Gbogbo wọn yíjú sí Abena.

"Ei! Èmi tí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà?"

Theophilus yẹ ìwé wò. Accra, Accra, Accra. "Dinah, ta lo fi sílé?"

"Ta ni ǹ bá tún fi sílé? Bàbá nìkan ni. Efua aládùúgbò ní òun á máa yọjú sí i."

Ẹ̀rọ náà ké bí ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n sì sún mọ́ ọn láti wo ohun tó gbé dé.

"ọmọ mi ni abena, ẹ má yọ ọ́ mọ́, ọwọ́ òsì kan ṣoṣo ló kù fún mi, ó sì ti ń rẹ̀ mí."