Àpò Ìsùn Tí Tájù Rán fún Àbúrò Rẹ̀

Ẹ ka ìtàn yìí dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Mo mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ nìkan làwọn kan nínú yín máa ń kà. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, ẹ jẹ́ kó dà díẹ̀ ná, torí ọ̀rọ̀ yìí ń rí èmi tí mò ń sọ ọ́ pàápàá lára.

1.
Ní Ijoku, Ṣàgámù níbí, Àlàájà Kareemat ń ta obì gbàǹja. Ọmọkùnrin méjì ló bí: Tájù lẹ̀gbọ́n, Hussain làbúrò. Àwọn méjèèjì wà nínú ẹgbẹ́ kan tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí ìlú mìíràn, tí wọ́n á pàgọ́ sùn síbẹ̀. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ jìnnà kì í fẹ́ ẹrù wúwo. Àpò ìsùn ẹ̀, ìyẹn àpò onísíìpù tí èèyàn ń wọnú ẹ̀ sùn kí òtútù má bàa mú un, gbọ́dọ̀ fúyẹ́.

Hussain ò ní ọ̀kan. Ó ń bá ìyá ẹ̀ ṣa obì, ó ń tọ́jú ohun tí wọ́n bá fún un, títí owó fi pé. Ó kó o fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

"Bọ̀dá Tájù, ẹ̀yin lẹ mọ ọjà. Ẹ bá mi yan èyí tó fúyẹ́, tó sì máa móoru."

"Fọkàn balẹ̀," ni Tájù wí.

2.
Tájù lọ sọ́jà lóòótọ́. Ó rí èyí tó dáa, tó fúyẹ́, tó móoru. Owó Hussain ló fi rà á. Ara ẹ̀ ló sì rà á fún.

Ti Hussain wá ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣòwò obì, ẹ gbọ́. Kòkòrò máa ń jẹ obì, àwọn mìíràn sì máa ń fi oògùn apakòkòrò sí i kó lè pẹ́ nílé. Ọ̀rá tí wọ́n bá ti fi bo obì olóògùn, wọn kì í tún un lò nílé Àlàájà. Wọn kì í fi di ẹrù, wọn kì í fi gbe omi òjò. Rírì ni wọ́n ń rì í mọ́lẹ̀. Tájù mọ èyí kó tó mọ ABD.

Òun náà ló lọ hú u lẹ́yìnkùlé. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó da lọ́fíńdà sí i, ó gbé e lọ fún télọ̀ pé kó fi ṣe inú àpò, kó ki òwú díẹ̀ sí i, kó fi aṣọ búlúù bò ó lóde. Mo ní ó hú u. Ohun tí ìyá ẹ̀ sin ló hú, pé kí àbúrò ẹ̀ máa wọ̀ ọ́ sùn.

Hussain gbé e lọ́wọ́, inú ẹ̀ dùn. "Ó mà fúyẹ́ o. Ẹ ṣeun, Bọ̀dá. Kí ló wá ń ta mí nímú báyìí?"

"Ohun tuntun ni. Ó máa lọ."

Ọmọ yẹn dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Tájù dúró, ó gba ìdúpẹ́. Irú ojú wo nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi?

3.
Nígbà tí ẹgbẹ́ wọn tún jáde, wọ́n gba Òde Rẹ́mọ lọ sí Irolu, wọ́n pàgọ́ sétí oko kan. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ tutù, Hussain fa síìpù dé ọrùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn yòókù ti ń ká ẹrù, Hussain ò jáde. Wọ́n ṣí àgọ́ ẹ̀ wò. Ó ti bì sínú àpò náà, itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, agbára káká ló fi ń mí. Òógùn ara ẹ̀ ti jẹ́ kí ọ̀rá náà lẹ̀ mọ́ ọn, bíbó ni wọ́n ń bó o bí ìgbà tí èèyàn ń bó ewé lára ẹ̀kọ. Òórùn tó jáde níbẹ̀ lé àwọn mìíràn sẹ́yìn. Tájù ṣì ń hanrun nínú àpò tí owó àbúrò ẹ̀ rà.

Ọlọ́kadà kan ló gbé Hussain dé ọsíbítù.

4.
Wọ́n kó àpò náà jù síta ọsíbítù. Nígbà tí Àlàájà dé, kò tíì sún mọ́ ọn tó fi dúró. Ẹni tó ti ń ta obì láti kékeré mọ òórùn yẹn.

"Tájù, níbo lo ti ra eléyìí?"

"Ọjà ni, Màmá."

Ìyá mú igi, ó fi yí inú àpò náà síta. Àmì pupa tí wọ́n máa ń fi sára ẹrù ilé wọn, kó má bàa pa pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíì, ló wà lára ọ̀rá náà. Ọṣẹ ò fọ̀ ọ́ lọ.

"Ẹrù mi nìyí. Mo ní kí wọ́n rì í. Ta ló hú u?"

Tájù dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Àlàájà tutọ́ sílẹ̀.

"Má tẹ ilé obì mi mọ́. Ẹni tó fi èyí bo ọmọ ìyá ẹ̀, kí ló máa fi bo obì àwọn oníbàárà mi?"

Ọlọ́run yọ Hussain, kò kú. Ṣùgbọ́n oògùn yẹn ti ba ẹsẹ̀ ẹ̀ jẹ́. Gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n, kò lè wa kẹ̀kẹ́ mọ́. Tájù wá gbé àpò tó dáa yẹn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀.

"Hussain, tìẹ nìyí. Gbà á."

"Bọ̀dá, nígbà tí ẹ ń gbé ọ̀rá yẹn lọ fún télọ̀, ṣé ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀?"

"Mo gbọ́ ọ."

Hussain kọjú sí ògiri. Kò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ mi. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ bá òun yan ohun tí òun máa fi sùn, ara ẹ̀ ló fi lé yín lọ́wọ́ yẹn. Ẹ má ṣe é bí ẹni ń da pàǹtí nù. Ẹ̀yin tí wọ́n sì ń bá ra nǹkan, bó bá ń ta yín nímú, ẹ má jẹ́ kí fífúyẹ́ ẹ̀ tàn yín, ẹ yí inú ẹ̀ síta kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Àwọn àgbà kò purọ́: ọ̀kánjúwà pẹ̀lú olè, déédéé ni wọ́n jẹ́.