Aláǹtakùn Tí Kò Sí Nínú Ìwé

"Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi, o ò jáde àfi tó o bá kọ ìrísí ẹ̀ tán," ọ̀gá wí látìta. "Irú aláǹtakùn yìí ò tíì sí nínú ìwé kankan. Tó bá sá lọ, a gbé!"

"Ó ku irun ẹsẹ̀ nìkan, sà."

Olùwádìí tún tẹjú mọ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá. Látìgbà tí òun fúnra ẹ̀ ti tòògbé díẹ̀ láàárọ̀ tó jí, ẹ̀dá inú àwo díńgí náà, tí ò tó hóró ọkà bàbà, ò mira mọ́. Ó ti ń yìn ín fún sùúrù. Ó rọra fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ.

Inú ẹ̀ ṣófo bí ẹ̀wù tí wọ́n bọ́ sílẹ̀. Awọ lásán ló ń kọ látàárọ̀!

"Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?" ọ̀gá béèrè látìta.

Okùn aláǹtakùn tín-ín-rín kan ń dán láti etí àwo díńgí, ó gba ihò kọ́kọ́rọ́ jáde.