Ọmọ Méjì Inú Fọ́tò Kan

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìdajì ìtàn kí ẹ tó jù ú sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tán. Ó kan gbogbo ẹni tó ṣì ní àgbàlagbà kan nílé.

1.

Ní ọdún 1995, Ìbídàpọ̀ Lágúnjú, ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, pinnu pé òun máa kọ ìwé ìtàn ìdílé òun. Mayfair ló ń gbé, ṣùgbọ́n Ìlódè ni agbo ilé wọn wà. Ibẹ̀ ni Tinúadé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, ń gbé. Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Màmá yìí ló tọ́ Ìbídàpọ̀ dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nínú gbogbo àgbà ilé, òun nìkan ló kù láyé, òun nìkan ló sì mọ orúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò àtijọ́ tó kún inú àpótí rẹ̀.

Gbogbo Sátidé ni Ìbídàpọ̀ ń lọ jókòó tì í. Màmá á mú fọ́tò kan, á wò ó títí, á rẹ́rìn-ín.

"Èyí ni Awóníyì, àbúrò bàbá bàbá ẹ. Ọ̀lẹ paraku ni, àmọ́ ó mọ orin kọ."

Ìbídàpọ̀ á kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò. Inú àwọn méjèèjì máa ń dùn. Wọn ò tíì kó ìdajì àpótí náà tán nígbà tí wàhálà dé.

2.

Fọ́tò ọmọbìnrin méjì ló fà á. Wọ́n á tó ọmọ ọdún méje, aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀, ojú wọn ò yàtọ̀ rárá.

"Màmá, àwọn wo nìyí?"

"Táyé àti Kẹ́hìndé mi ni."

Ìbídàpọ̀ gbójú sókè. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé Táyé kú kó tó rìn, àti pé Kẹ́hìndé dàgbà kó tó kú nígbà ìrọbí.

"Táyé tó kú ní ọmọ ọwọ́ ló wá jókòó ya fọ́tò yìí?"

Màmá ò bínú. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni onífọ́tò ya Kẹ́hìndé. Ó jókòó lápá ọ̀tún, ó yà á. Ó jókòó lápá òsì, ó tún yà á. Ó wá so méjèèjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwa ìyá ìbejì máa ń ṣe nígbà náà, kí èyí tó lọ má baà rò pé a ti gbàgbé òun."

Ẹ̀yin èèyàn mi, àlàyé wo ló tún kù? Ṣùgbọ́n ìwé ti pọ̀ lágbárí Ìbídàpọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màmá, ẹ má fi mí ṣọmọdé. Fọ́tò kì í purọ́. Ibo lẹ gbé ọmọ yẹn lọ?"

Màmá wò ó. Ó rọra pa àpótí dé.

3.

Ṣé Ìbídàpọ̀ fi mọ síbẹ̀? Rárá o. Ó ń wádìí kiri bí ọlọ́pàá. Ní Ẹdúnàbọ̀n ló ti rí Hàjàrá, obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún tó ń ta iṣu létí títì. Àwọn tó tọ́ obìnrin yìí sọ fún un pé láti Ifẹ̀ ni wọ́n ti gbé e wá ní kékeré, wọn ò sọ ilé tó ti wá. Ìbídàpọ̀ ò wádìí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí yín. Ìyá yín ṣì wà láàyè."

Obìnrin náà bú sẹ́kún. Ta ni kò ní sunkún?

Ọjọ́ ìpàdé ẹbí ló mú un wá sí Ìlódè. Ó gbé fọ́tò sókè lójú gbogbo ẹbí, ó ní Màmá fi ọmọ tọrẹ, ó sì parọ́ ikú mọ́ ọn. Hàjàrá kúnlẹ̀ níwájú Màmá pẹ̀lú iṣu tó gbé wá kí i.

Màmá fọwọ́ kan ojú rẹ̀. "Ọmọ dáadáa ni ọ́. Ká ní èmi ni mo bí ọ, inú mi ì bá dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé yìí ni Táyé mi wà. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé e fún àwọn tó sin ín."

Hàjàrá wọ mọ́tò padà sílé pẹ̀lú omijé. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dé ọjà pé Ìyá Ìbejì ta ọmọ. Ìtìjú ò jẹ́ kí arúgbó yìí lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

4.

Ìmísí, ìyàwó Ìbídàpọ̀, ló gbé fọ́tò náà síta lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Bàbá Ìyìn, ẹ wá wo ẹsẹ̀ wọn. Àwọn méjèèjì ló fi àkísà di àtàǹpàkò òsì, bákan náà ni wọ́n ṣe ta kókó rẹ̀. Ẹ tún wo ìlà tó gba àárín wọn kọjá."

Ìbídàpọ̀ wá rí i pé ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n yà lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ náà gan-an ló lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màmá, tó ń sunkún.

"Dìde, Dàpọ̀. Mo ti dárí jì ọ́."

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ jẹ́ ká wá parí àwọn fọ́tò tó kù."

"Rárá. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ọmọ tí mo bí, o ní irọ́ ni. Ti àwọn tó kù, o ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi mọ́."

Ó bẹ̀ ẹ́ títí, ó rán àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì sí i. Màmá á fún wọn lóúnjẹ, á ṣàdúrà fún wọn, kò ní ṣí àpótí. Nígbà tí ọyẹ́ mú lọ́dún náà, ó sùn, kò jí mọ́.

Wọ́n gbé àpótí náà fún Ìbídàpọ̀. Nínú ọ̀kan lára àwọn fọ́tò tó kù, ọkùnrin kan gbé ọmọ ọwọ́ kan mọ́ra, ó ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́. Bàbá Ìbídàpọ̀ kọ orúkọ ọmọ náà sẹ́yìn fọ́tò: Ìbídàpọ̀. Kò kọ ti ọkùnrin náà. Ìbídàpọ̀ mú un káàkiri Ìlódè, kò sẹ́ni tó dá ọkùnrin yẹn mọ̀. Bó ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ ba ìwé ìdílé rẹ̀ jẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí dé ìhín, mo bẹ̀ yín: ẹ má ṣe tìtorí pé ẹ kàwé kí ẹ pe àgbà lónírọ́ lórí ohun tójú rẹ̀ rí. Bí ẹ bá ti ṣe é, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ lónìí. Ó lè dárí jì yín tọkàntọkàn, kó má sì sọ̀rọ̀ náà fún yín mọ́ láéláé.