Ìlà Iwájú

"Ẹ jókòó, ẹ̀yin aláìmoore!" ni olùdarí fíìmù kan ń pariwo nínú sinimá ní Hong Kong. Ìtàn mẹ́ta, olùdarí mẹ́ta, ló wà nínú fíìmù iwin náà, ṣùgbọ́n ìka ò dọ́gba. Ẹ̀rù ba èrò nínú méjì àkọ́kọ́. Nígbà tó kan tirẹ̀, tó fọdún mẹ́ta ṣe, wọ́n ń dìde lọ, àga ń ká sókè lẹ́yìn wọn: pàkà, pàkà.

"Ọ̀gá, ogún ìṣẹ́jú lòjò fi rọ̀ nínú tiyín, iwin ò yọjú," ni Àǹtí Fong tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì wí.

"Ọ̀rọ̀ iwin, iwin ló mọ̀ ọ́n! Ẹ wo ìlà iwájú!"

Oṣù keje àwọn ará Ṣáínà ni, oṣù tí àwọn òkú ń wá sáyé; àwọn nìkan la fìlà náà sílẹ̀ fún. Kò sí alààyè níbẹ̀, síbẹ̀ gbogbo àga tẹ́ sílẹ̀ bí ẹni pé èèyàn jókòó lé wọn.

Pàkà. Pàkà. Pàkà.

Àǹtí Fong sáré ṣílẹ̀kùn, ó tẹrí ba. "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà."