Bàbá Ti Sùn

Ọjọ́ kẹta rèé tí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ tó ń pín omi odò Ọ̀yán kò ṣí fún oko Bàbá Akínlàbí. Ìbídùn, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tún dúró síwájú ilẹ̀kùn náà bí oòrùn ṣe ń yọ. Ilá ti sorí kọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀," ilẹ̀kùn ní. "Àsìkò omi Bàbá Akínlàbí ti tó. Ṣé wọ́n ti jí?"

"Mo ti sọ fún ẹ. Bàbá ti sùn."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi dáadáa. Bí wọ́n bá jí, kí wọ́n wá pè mí, màá ṣí i."

Inú bí Ìbídùn. "Wọ́n ti re ibi àgbà ń rè!"

"Ọjọ́ wo ni wọ́n máa dé?"

Ẹ̀rọ tó gbọ́ Yorùbá, tí kò gbọ́ àdàpè ọ̀rọ̀! Jímọ̀, tí oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà, mi orí. "Àbúrò, pe ikú ní ikú bí òfin omi ṣe wí, kí ìpín omi wọn lè di tìẹ. Ẹnu ọmọ nìkan ni ẹ̀rọ yìí ti máa gbà á."

"Ẹ̀gbọ́n, kí n la ẹnu mi sọ bẹ́ẹ̀ sí bàbá tó bí mi?"

"Tí ilá yìí bá kú lónìí, kò ní jí mọ́."

Ìbídùn bojú wẹ̀yìn wo ilá tí Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí ọ̀dá ti là.

"Bàbá mi kú," ó ní.

Ilẹ̀kùn ṣí, omi sì ya wọ inú poro. Ìbídùn kò dìde.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ó ní. "Ilá yín ni òùngbẹ ń gbẹ."