Ẹgbẹ́ Apalẹ̀mọ́ ti Egan

Ní ọdún tí owó epo ń rọ̀ bí òjò, tí ilé sì ń hù bí olú káàkiri Baruwa, àbàtà kan ṣoṣo ló kù ní Egan tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́lé sí. Igi ògùrọ̀ kún inú rẹ̀, ẹyẹ ẹ̀gà ń pariwo lórí wọn, ibẹ̀ sì ni Ìyá Hàbíbátù ti ń ṣa ìgbín tà. Àwọn ará Egan dáwó jọ, wọ́n rà á, wọ́n sì sọ ọ́ di ilẹ̀ àjùmọ̀ni: kò sí ẹni tó lè dá a tà láéláé.

Tísà Ọlátúnbọ̀sún ni akọ̀wé wọn. Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá bá ní, kì í yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èyí tí kò bá sì ní, a fọwọ́ ara rẹ̀ rọ ọ́. Òun ló ṣẹ̀dá orúkọ ẹgbẹ́, òun ló sì kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó tí wọ́n rì sí etí àbàtà: Ẹgbẹ́ Apalẹ̀mọ́.

"Tísà," ni Ìyá Hàbíbátù wí, "ṣé kì í ṣe ọwọ̀ lẹ fẹ́ pín fún wa báyìí?"

"Ẹ tú u palẹ̀, Ìyá. Pa. Ilẹ̀. Mọ́. Àwa là ń pa ilẹ̀ yìí mọ́, kó má bàa bàjẹ́."

"Háà! Ẹ̀yin lẹ kàwé, jàre."

Kò pẹ́ tí olówó kan fi gbé ọkọ̀ bọ̀gìnnì dé láti Èkó. Ó fẹ́ ra àbàtà náà, kí ó kọ́ ilé àwòṣífìlà sí i. Wọ́n kọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń padà bọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Tísà kò ti balẹ̀ mọ́.

Ohun tó kù ni kí wọ́n lọ fi ilẹ̀ náà sórúkọ ẹgbẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba ní Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣọ́ ọ dè wọ́n? Ojú Tísà bọ́ sórí Festus, ọmọ Oǹdó tó ń wa katakata fún àwọn tó ń la ọ̀nà lẹ́bàá ibẹ̀. Ìyá Hàbíbátù a máa bu oúnjẹ fún un, ó sì ti ń wá bí òun yóò ṣe san oore náà.

"Festus, a ń lọ sí Ìkẹjà. Bá wa ṣe ohun tí orúkọ ẹgbẹ́ wa wí."

Festus ka pátákó náà jẹ́jẹ́. "Àbàtà yìí, Tísà?"

"Òun náà ni."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, dé etí odò. Má yọ igi kan ṣoṣo sílẹ̀."

"Ó mà tóbi o! Ṣùgbọ́n nítorí ọbẹ̀ Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀."

"Ọmọ gidi!" ni Ìyá Hàbíbátù wí. "Ọlọ́hun á bù kún ẹ."

Wọ́n sun Ìkẹjà mọ́jú kí ó tó kàn wọ́n. Akọ̀wé ìjọba kò tilẹ̀ bá wọn jiyàn. Ó lu òǹtẹ̀ lé ìwé wọn pé àbàtà Egan kò ní di ilé láéláé. Orin ni wọ́n kọ bọ̀ nínú ọkọ̀. Ìyá Hàbíbátù ń jó lórí ìjókòó, Tísà fúnra rẹ̀ ń gbè é.

Festus bọ́ sílẹ̀ lórí katakata, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní: "Ẹ kú àbọ̀ o, Tísà, ó ti mọ́ féfé dé etí odò, kò ku igi kan, ìgbà yòówù kó wù yín lẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé."