Ìyàndá Ọdẹ àti Àgbọ̀nrín tó Lóyún Nínú Ọyẹ́

Kí ni a ti mọ̀ nípa àgbọ̀nrín? A mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, a sì mọ̀ pé ẹran rẹ̀ dùn lọ́bẹ̀. Bí a bá bi àwọn ọdẹ léèrè ìgbà tí ó ń bímọ, púpọ̀ nínú wọn yóò ní ìgbà òjò ni, nígbà tí koríko bá tutù. Ìdáhùn náà dára. Ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dáhùn.

Àmọ̀tán ni àbùkù Ìyàndá. Ohun tí ó bá ti mọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í tún un wò mọ́. Táyà ló ń lẹ̀ ní àdúgbò Asata ní Enugu, nígbà tí ìlú náà ṣì jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ Anambra, ṣùgbọ́n ìdílé ọdẹ ni wọ́n bí i sí ní Ṣakí. Lónìí, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé, "Afẹ́fẹ́ ni mo ń tà. Mo fẹ́ díẹ̀ sínú táyà àwọn oníbàárà, mo fẹ́ èyí tó kù sínú orí ara mi."

Àwọn ọdẹ Yorùbá tó wà ní Enugu ní òfin kan. Lọ́dọọdún, bí àsìkò oyún ẹran bá tó, wọn a ti igbó: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìnbọn fún abo títí àwọn ọmọ ẹran yóò fi lè dá jẹun. Lọ́dún kan, ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ni, Adélàjà tó jẹ́ olórí wọn pè wọ́n jọ.

"Ẹ jẹ́ ká ti igbó báyìí," ni ó wí. "Mo rí ẹsẹ̀ ọmọ àgbọ̀nrín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá rẹ̀ nínú eruku lẹ́yìn àdúgbò Trans-Ekulu. Àsìkò wọn ti yí padà."

Ìyàndá bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹsẹ̀ ewúrẹ́ lẹ rí! Àgbọ̀nrín wo ni yóò bímọ sínú ọyẹ́, kí ètè ọmọ rẹ̀ lè là? Nílé wa ní Ṣakí..."

"Enugu la wà," ni Adélàjà dá a lóhùn.

"Ibi gbogbo ni igbó ti ń jẹ́ igbó! Bí mo bá pa aboyún kan lásìkò yìí, kí ẹ gba ìbọn bàbá mi lọ́wọ́ mi, kí ẹ gbé ìkòkò fún mi, kí n máa se oúnjẹ fún yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọn kò sì ti igbó mọ́. Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Ìbọn yẹn nìkan ni ogún tí bàbá Ìyàndá fi sílẹ̀ fún un, ó sì ti fi ta tẹ́tẹ́ níṣojú gbogbo ẹgbẹ́.

Nígbà tí ó délé, Sikirat ìyàwó rẹ̀, tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ní ọjà Ogbete, pè é. "Bàbá Ọmọ́níyì, abo àgbọ̀nrín tí ọdẹ ará Udi kan gbé wá fún mi lánàá, wàrà wà lọ́mú rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra o."

"Ìwọ ta ẹran tìrẹ," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Wàrà ọyẹ́ nìyẹn."

"Wàrà ọyẹ́? Ó dáa, màá bá yín bu díẹ̀ sínú ẹ̀kọ yín."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Ìyàndá àti Adélàjà wà ní ẹsẹ̀ òkè Milliken ní òwúrọ̀ kan. Abo àgbọ̀nrín kan jáde wá mumi. Ó ń rọra rìn, ikùn rẹ̀ yọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Adélàjà di Ìyàndá lápá mú. "Wo ikùn rẹ̀, Ìyàndá!"

"Koríko ló yó," ni Ìyàndá wí, ó sì yìnbọn. Títí dòní ni ó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé koríko wo, nítorí gbogbo èyí tó wà lórí òkè náà ló ti gbẹ tàbí kí ó ti jóná.

Nígbà tí wọ́n la ẹran náà, ọmọ kan wà nínú rẹ̀ tó ti hu irun, àmì tótòtó funfun ti yọ lára rẹ̀, bí ẹni tó ti múra tán tó ń dúró de kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ìyàndá kúnlẹ̀ tì í. Ojú ni àlejò ní, kò fi ríran.

"Ta ló ní ká gbé ìkòkò fún òun?" ni Adélàjà béèrè jẹ́jẹ́.

"Èmi ni, bàbá." Ó fi ọwọ́ méjèèjì na ìbọn náà sí i.

Wọ́n ti igbó lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ìbọn náà sì wà lára ògiri ilé Adélàjà di òní. Lábẹ́ rẹ̀ ni Ìyàndá máa ń gbà kọjá bí ó bá ń gbé oúnjẹ wọlé ní ọjọ́ ìpàdé, kì í sì í gbójú sókè. Bí wọ́n bá kí i pé, "Ọdẹ!" a ní, "Ọdẹ ìdí àdògán ni mí. Ẹ bi mí ní ìgbà tí ẹ̀wà ń jinná. Ti àgbọ̀nrín, ẹ lọ bi àgbọ̀nrín."

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé ìmọ̀ tí a kò tún yẹ̀ wò máa ń di àìmọ̀. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ìyàndá kò purọ́ nípa Ṣakí. Enugu ni kò wò. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Nítorí náà, nígbà mìíràn tí "nílé wa" bá fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ, gbé e mì ná. Bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ pé, "Kí lẹ rí?" Lẹ́yìn náà, dákẹ́ títí yóò fi sọ ọ́ tán.